Aṣọ Ìyá Rẹ Ti Tóbi Jù Ú Lọ

Kemirembe ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí onílé yín tí o ní ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń sùn dáadáa lókè tí ẹ wà yẹn? Ọlọ́run tó gbé ọ kúrò nínú koríko Kazo, tó gbé ọ lọ sí Kampala, sí ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé lórí ara wọn, kò ní jẹ́ kí ẹni òkè já lu ẹni ìsàlẹ̀. Àmín. Àwa náà wà níbí, a ń mí. Òjò ti rọ̀ díẹ̀, koríko ti ń yọrí, Bihogo, màlúù wa, ti bí abo, ìwo ìyá rẹ̀ ni yóò jogún nítorí mo ti wo orí rẹ̀ dáadáa. Ajá wa ti kú, àmọ́ ó ti darúgbó, má sunkún.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ni kí n kọ́kọ́ sọ. Inú fóònù Tíṣà Begumisa ló wọ̀ sí, tíṣà sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ní kíláàsì, ó gbé e wá bá wa níbi tí a ti ń fún wàrà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ọ́ níwájú, mo wá yí fóònù náà padà kí n lè rí ẹ̀yìn rẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. Ìwọ lo dúró níbẹ̀ tí ò ń rẹ́rìn-ín, o wọ ṣòkòtò kan, o fi ọwọ́ fa ìbàdí ṣòkòtò náà síwájú, àyè tó wà nínú rẹ̀ sì tó kí ọmọ màlúù wọ̀ ọ́ sùn. Ìyá rẹ káwọ́ lérí, ó ní wọ́n ti pa ọmọ òun. Mo ní bí wọ́n bá ti pa á, kí ló dé tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ebi tó bá pọ̀ jù a máa múni rẹ́rìn-ín. Èmi ní tèmi rò pé ṣòkòtò ọkọ rẹ ni, pé nǹkan ti le fún yín débi pé ẹ̀yin méjèèjì ń pín ṣòkòtò kan wọ̀. Mo ti ní kí wọ́n bá mi di bọ́tà tí ìyá rẹ mì nínú akèrègbè, kí n gbé e wọ mọ́tò wá fún yín.

Ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé ni ọkàn wa tó rọlẹ̀. O ní kò sẹ́ni tó fi ebi pa ọ́, pé ìwọ fúnra rẹ lò ń fọwọ́ ara rẹ rù. O ní ilé kan wà tí ẹ ti ń sáré lórí ẹ̀rọ, ẹ kò dé ibì kankan, ẹ sì ń sanwó fún un. Mo ka ibẹ̀, mo tún un kà. Ọmọ mi, màlúù wà níbí tí ń ṣáko lọ lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ni wàá lé e. O tún ní o ti gbé òṣùwọ̀n tí ò ń gùn tẹ́lẹ̀ sọnù, pé irọ́ ló ń pa, lónìí ó wí báyìí, lọ́la ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì ń bà ọ́ nínú jẹ́. O ní aṣọ ni kì í purọ́. Kí ènìyàn mú aṣọ kan, kí ó máa wọ̀ ọ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó bá ti ń tóbi sí i, ìtẹ̀síwájú ni. Ìyẹn yé mi. Bàbá mi kò gbé màlúù sórí òṣùwọ̀n rí títí ó fi kú, ojú ló fi ń wò ó, á sì fi ọwọ́ pa á ní ìbàdí.

Síbẹ̀ ó dùn mí. Ìwọ náà rántí bí a ṣe fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Ìyá rẹ tì ọ́ mọ́lé, ó ń da wàrà fún ọ, bí o bá ní o ti yó, á ní ikùn ìyàwó kì í yó, á tún bù sí i. Lọ́jọ́ tí o jáde, àwọn ìyá àgbà fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní ta ló bí ẹlẹ́ran ara yìí, mo sì dúró lẹ́yìn ọgbà, mo ń dá rẹ́rìn-ín. O mọ ilẹ̀ wa. Ìyàwó tó bá rù, ọkọ rẹ̀ là ń bú, wọ́n á ní ahun ni, pé ó ń ta wàrà tán kó tó kan ẹnu ìyàwó. Gbogbo ohun tí a fi wàrà kó sí ọ lára nílé yìí lo wá lọ sá dànù lórí ẹ̀rọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ létí jù ni ìyá rẹ. Kí lẹ́tà rẹ tó dé ló ti máa ń fi òkèlè sílẹ̀ nínú àwo, á ní ọkà náà ń há òun lọ́nà ọ̀fun. Mo ti ń bínú, mo rò pé ó ń bá mi ṣe ìjà tí mi ò mọ ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ sókè fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo gbọ́ báyìí, ohun tí ọmọ òun ń ṣe ni òun náà ń ṣe. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́ fún ọ, nítorí ohun tó ń ṣe é ti ní orúkọ.

A wá mú aṣọ. Gomesi, aṣọ ńlá tí àwọn obìnrin ń wọ̀ lọ òde, kò ṣeé lò, ìgbànú la fi ń dì í, ó gba ẹni tó sanra, ó gba ẹni tó tín-ínrín. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó rán fún ìgbéyàwó rẹ la mú, èyí tó ní bọ́tìnnì lẹ́yìn. O ò gbàgbé pé lọ́jọ́ náà, èmi àti Korutaro aládùúgbò wa la jọ fà á pọ̀ kí bọ́tìnnì tó wọlé, tí Korutaro ń sọ pé bí Ìyá Kemirembe bá fi lè sín, ojú ẹnìkan á fọ́. Bí a bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, á wọ̀ ọ́, èmi á máa dè é lẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, bọ́tìnnì wọlé wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ mi kan gbà láàárín aṣọ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi méjèèjì wọlé. Mo ń kí i kú iṣẹ́. Ó ti fi ọ́ sẹ́yìn, Kemirembe, kò sì sáré rárá, ìjókòó ló ń jókòó. Nísinsìnyí ó ń dùbúlẹ̀, ibi tó sì dùbúlẹ̀ sí náà ni aṣọ ti ń tóbi.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ lọ́jà gbọ́, ó wá sílé wa, ó gbé òṣùwọ̀n dání. Ainembabazi lorúkọ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní kí ìyá rẹ jọ̀ọ́ kó gùn ún. Mo ní rárá o, mo ní a kì í lo irú rẹ̀ nílé yìí mọ́, ọmọ mi tó kàwé ní Kampala ti gbé tirẹ̀ sọnù. Mo mú aṣọ jáde, mo fi ibi tí ọwọ́ mi ń wọ̀ dé hàn án, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́. Ó ń wò mí. Ó ní Bàbá, ṣé ẹ rí wọn báyìí ṣá? Mo ní mo rí wọn, ìtẹ̀síwájú ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun yẹ ọ̀nà ọ̀fun wọn wò. Ìyá rẹ ní ara òun le koko, kí n sin àlejò sọ́nà. Mo sìn ín sọ́nà. Lẹ́nu géètì ó ní bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí ẹ tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní kó máa lọ, pé aṣọ kì í purọ́.

Korutaro ń bú mi. Níbi tí a ti ń fún màlúù lómi ló ti bẹ̀rẹ̀, lójú gbogbo ayé, ó ní Bashaija, o ò ha tijú, omi ìṣanwọ́ lò ń fún obìnrin yẹn mu ni, àbí kí ni? Mo ní kò mọ nǹkan kan, pé àṣà ìlú ńlá ni. Ó ní kí n wo ojú òun kí n tún un sọ. Mo da màlúù padà wálé láì jẹ́ kí wọ́n mu omi yó.

Ohun tí mi ò sọ fún Korutaro rèé. Wàrà kò lọ mọ́. Ó ń mu ún, ó ń padà. Wàrà Bihogo, ọmọ mi, èyí tí ìyá rẹ fi bọ́ ọ kí o tó lọ sílé ọkọ. Mo gbé e fún un ní lílọ́wọ́ọ́rọ́, mo gbé e fún un ní kíkan, mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹní bẹ ọmọdé, ó mu ún nítorí tèmi, ó sì padà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò lè jẹun níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni mo ń lọ jẹ ẹ́ sí. Bó bá jẹ́ màlúù ni, mo mọ ohun tí ǹ bá wí, ǹ bá sì ti wí i tipẹ́. Ìyàwó mi ni, ẹnu mi kò gbà á.

Sọ́ńdè tó kọjá, aṣọ náà bọ́ kúrò ní èjìká rẹ̀ kí n tó dé ìdí bọ́tìnnì. Mi ò kí i kú iṣẹ́. Òun ló ní kí n gbé e lọ fún télọ̀, kó dín in kù, kó lè bá òun lára mu, pé òun kò fẹ́ kí àlejò bá òun nínú aṣọ tó ń ṣe wọ́lọwọ̀lọ. Mo ní àlejò wo. Ó ní wọ́n á pọ̀. Mo gbé e lọ. Télọ̀ na okùn tí mo fi wọn ìbàdí rẹ̀, ó bi mí pé èwo nínú àwọn ọmọ-ọmọ wa la fẹ́ gbé aṣọ náà fún.

Mo ti fẹ́ ní kí o fi owó oògùn eégbọn ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ kún un fún páànù ilé ìdáná tó ń jò. Fi sílẹ̀ ná. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi wọ mọ́tò wálé. Mo ti ka lẹ́tà rẹ títí ó fi ń ya níbi tí a ká a sí. O kọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, o kọ bí aṣọ ṣe ń sọ fúnni pé ó ń lọ dáadáa. Mo wá iwájú ìwé, mo wá ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí ibi tí o kọ bí a ṣe ń dá a dúró sí. Ìwọ náà á dá tìrẹ dúró níbì kan, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bó o bá ṣe dá a dúró ni kí o wá fi ẹnu ara rẹ sọ fún ìyá rẹ. Ó ń gbọ́ tìrẹ ju tèmi lọ.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà. Wàá jẹun, oúnjẹ á dúró nínú rẹ. Ẹran ara tó kù lára rẹ, kò ní tún lọ. Wàá bá gbogbo wa nílé.

Èmi bàbá rẹ,
Bashaija.

Má ṣe fi èsì sínú fóònù tíṣà. Ìwọ gan-an ni kí o wá.