Gbólóhùn Tí Mi Ò Lè Sọ Níwájú Kámẹ́rà

                                        Ojúlé 13, Òpópónà Adéṣígbìn,
                                        Ìgàndò, Alímọ̀ṣọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, 2025.

Fàthíà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni o? Ilé ńkọ́, ọkọ ńkọ́? Yésúfù ọmọ wa ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ooru Ìlọrin ńkọ́, ṣé kò tíì yan yín tán? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Tómisìn ti yọ eyín méjì, orí ọmú mi ló sì ń dán an wò. O ṣá mọ̀ mí. Tó bá sín lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé e dé ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti mọ ohùn mi kí n tó wọlé.

Má bínú pé mi ò pè ẹ́ lórí fóònù. Mo fẹ́ kó o ní ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, kó o lè kà á sétí gbogbo àwọn tó ní a ò ní já mọ́ nǹkan kan. Fàthíà, wọ́n ti kọ orúkọ mi sókè pátápátá lórí póósítà! Jẹ́ kí n rò ó fún ẹ.

Ìwọ lo mọ ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀. Nílé ìwé wa n'Íkòtún, ìwọ ni ìyàwó, èmi ni bàbá arúgbó tó fi òwú ṣe irùngbọ̀n. Lẹ́yìn tó o lọ, ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣeré orí ìtàgé pẹ̀lú ẹgbẹ́ Màmá Wàsílátù ní Ẹgbẹ́dá. Màmá á lọ jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, wọ́n á máa pariwo pé ṣé ẹ̀fọn ló ń sọ̀rọ̀ ni, àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo bọ́ sínú fíìmù ńkọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo ṣe nígbà mẹ́rin. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ju "Ẹ káàbọ̀, mà" lọ. Mo wá lóyún, kò sẹ́ni tó pè mí mọ́. Mo ti ń sọ fún ara mi pé kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Àfi bí Ọláìtán, dírẹ́kítọ̀ tí mo bá ṣeré kẹ́yìn, ṣe pè mí pé òun fẹ́ kí n ṣe olórí eré. Mo pariwo débi pé ọmọ jí. Ìgbà tó wá sọ ìtàn náà ni àyà mi já. Ìyá kan ló gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì máa jáde wá, ìyá náà á wá ké pé ọmọ òun ti kú. (Ọmọ inú eré ni mo ń sọ o.) O mọ̀ pé wọn kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ fún wa. Wọ́n á sọ ìtàn, oníkálukú á fi ẹnu ara ẹ̀ gbé e. Ṣùgbọ́n Ọláìtán ní gbólóhùn kan yẹn, dandan ni, òun lòun fẹ́ fi polówó fíìmù.

Ìyá ọkọ mi, tí aṣọ funfun kì í kúrò lọ́rùn wọn, ní abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í fẹnu ara ẹ̀ sọ irú ẹ̀, ì báà jẹ́ eré. Mo bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ẹ̀rù ń ba èmi jù wọ́n lọ. Síbẹ̀, mo gbà á. Tí mo bá jẹ́ kí èyí lọ, ta ló tún máa pè mí?

Ilé kan n'Íṣẹ̀rí-Olófin la sọ di ọsibítù. Ìyá ọkọ mi gbé Tómisìn jókòó sí ojú fèrèsé níta. Zulaihat, ọmọge kan tí ojú ẹ̀ ń dán bíi dígí, ló ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó jáde, ó mi orí. Mo ké: "Yéè! Ọmọ mi ti..." Fàthíà, ọwọ́ mi fúnra ẹ̀ ló lọ yí orí mi po, mo ta ìka dànù, mo ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ẹ́!" Àtẹni tó di kámẹ́rà mú, àtẹni tó ń se oúnjẹ, gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àmín!" Ti ìyá ọkọ mi ló lọ sókè jù.

A tún un ṣe. Mo ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ apá kó má baà lọ sórí. Ẹnu ló tún ṣe é: "Ká má rí i!" Àmín mìíràn.

Ọláìtán ju fìlà ẹ̀ mọ́lẹ̀. "Tòún, ṣé ìsọjí la wá ṣe níbí ni? Oòrùn ń lọ! Zulaihat, ṣé ìwọ lè sọ ọ́?"

"Ní báyìí báyìí, sà. Èmi ò kúkú tíì bímọ."

Mo rí gbogbo tíréè ọmọ ọ̀dọ̀ tí mo ti gbé láyé mi. Màmá Wàsílátù, tí wọ́n ń ṣe ìyá mi nínú eré náà, ló dìde. "Ọláìtán, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ọmọ yìí ti ń ṣeré kó o tó ní kámẹ́rà. Àbí kí èmi náà máa lọ sílé?"

Zulaihat tún jáde, ó mi orí. Mi ò ké. Ọ̀já wà léjìká mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá a ṣe ń ṣe ká tó pọnmọ, mo gbá ọ̀já mọ́ ẹ̀yìn lásán, mo so ó, mo rọra ń gbá ìdí tí kò sí níbẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́. Mo wá wo Zulaihat lójú. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fà á le, kó má jábọ́."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé mo máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá lóòótọ́, ó di etí ọ̀já mú, ó fà á, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. Mo ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo ń mi ẹ̀yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Bí Ọláìtán ṣe ní ó tó, pé kò sí àtúnṣe mọ́, mo já ọ̀já dànù, mo sáré lọ gba ọmọ mi, mo fi ọmú sí i lẹ́nu. Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù wá bà mí. Mo rò pé ìyá ọkọ mi máa bú mi. Wọ́n kàn ń nu ojú wọn ni. "O ò ṣá sọ ọ́," ni wọ́n wí.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han aráyé, ní gbọ̀ngàn kan l'Ẹ́gbẹ́dá. Bó ṣe kan ibẹ̀ yẹn, ìyá kan fò dìde nínú òkùnkùn: "Ẹ bá a fà á o! Ẹ tètè bá a fà á!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́kún. Ìgbà tí iná tàn, wọ́n dìde fún mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe Tòún, Tòún. Ìyá ọkọ mi bá gbé Tómisìn sókè kí gbogbo èrò lè rí i, wọ́n ń pariwo, "Ọmọ ẹ̀ rèé o! Ó wà láàyè, ó ti yọ eyín méjì!" Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbọ́ ọ dé Ìdímù.

Kí n tó jáde, Ọláìtán ti fún mi ní olórí eré mìíràn. Ó ní ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí n jọ̀ọ́, kí n tètè sọ fún òun ṣáájú, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mi ò ní lè sọ. Mo ní kó lọ mú bíírò wá, kó sì wá ibi jókòó sí.

Bá mi kí ọkọ ẹ àti màmá wa. Fi ẹnu ko Yésúfù lẹ́nu fún mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n kí ẹ, wọ́n ń gbàdúrà fún yín.

Èmi ni tìẹ, lónìí àti lọ́jọ́ gbogbo,
Tòún Oyèníran
(Ìyá Tómisìn)