Òpó Tí Kò Fẹsẹ̀ Kan Ilẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù karùn-ún
Mo dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé Dókítà lónìí. Ilé ìwòsàn aláboyún, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì. Òpó mẹ́rìnlélógún ni èmi ẹnjinníà yà sí pulánì rẹ̀. Mẹ́tàlélógún fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Ẹyọ kan ò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ — Dókítà ló ní òun ò fẹ́ òpó kankan láàrin gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, kí àyè gba àwọn aláìsàn. Mo gé e kúrò nísàlẹ̀, mo gbé èyí tó kù lókè lé orí bíìmù ńlá kan, ọ̀pá kọnkéré tó dábùú òkè gbọ̀ngàn náà. Ọmọ Òrukàn ni mo ń pe òpó náà.

Fọ́máànù ti to irin àjà kejì tán. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa da kọnkéré sí i. Ó ń yan bí àkùkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Òjò. Mi ò jáde.

Ọjọ́rú, 6
Ìwé míì ni mo ń wá tí mo fi ṣí fáìlì Dókítà.

Alájà kan ni ilé yẹn níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó ní ká fi àjà kan kún un, mo tún gbogbo òpó ṣírò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n nínú ìwé ìṣirò náà. Mẹ́tàlélógún. Mo tún un kà, mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mẹ́tàlélógún.

Ọmọ Òrukàn ò sí níbẹ̀.

Òrùlé nìkan ni mo ṣírò pé ó máa rù. Ní báyìí, odindi àjà ló máa rù, àti ògiri, àti bẹ́ẹ̀dì, àti èèyàn, kó tó wá kan òrùlé àti táǹkì omi. Orí bíìmù yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Irin inú bíìmù náà ò tó ìdajì èyí tó yẹ.

Èmi ni. Kì í ṣe káfíńtà, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Èmi.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi — bíríkìlà ni wọ́n kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Oúnjẹ yẹn ò lè jẹ ara ẹ̀." Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Wọ́n ní ẹni tó bá rẹ̀ máa ń jókòó, pé láti àárọ̀ làwọn ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi nínú ilé yìí. Ojú ń dùn wọ́n, etí ò dùn wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mo lọ dúró lábẹ́ bíìmù náà. Ó gún régé. Kò sí ibi tó sán lára ẹ̀, kódà bí okùn aláǹtakùn. Ṣebí ẹrù ò tíì dé orí ẹ̀ ni. Fọ́máànù fi ọwọ́ gbá a bí ẹni gbá ẹṣin, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹnjinníà. Àwọn ọmọ-ọmọ wa máa bá a níbí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín o.

Bóyá ó máa gbé e. Gbogbo ìṣirò la máa ń fi èlé lé, kí agbára ilé lè ju ẹrù rẹ̀ lọ — bóyá èlé yẹn máa tó. Bóyá wọn ò ní kún yàrá òkè. Bóyá. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi jẹ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bí orógbó. Ó korò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Mo sọ fún Bàbá.

Wọn ò bínú. Wọ́n ní ògiri kan wà nínú ìlú yìí tí àwọn ò gba iwájú ẹ̀ kọjá láti ọdún méjìlélógún. Àwọn làwọn mọ ọ́n. Ọ̀gá ibẹ̀ ń kánjú, àwọn sì gbé e lé ilẹ̀ rírọ̀. Mo bi wọ́n bóyá ó wó.

"Kò wó. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ń sá fún un.

"Tí òjò bá ti ń rọ̀, èmi ni mo máa ń gbé e ró láti orí ẹní mi."

Wọn ò gbà mí ní ìmọ̀ràn kankan. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo kọ lẹ́tà. Mo ya á. Mo tún un kọ.

Ọjọ́ Ajé, 11
Rúlà — ọ̀gá mi nìyẹn, torí rúlà kì í kúrò lápò ẹ̀ — ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló jókòó. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó yẹ ìṣirò mi wò, ó ń fi rúlà tẹ̀lé e láti ìlà dé ìlà. Ó dé ìparí, níbi tí òun fúnra ẹ̀ ti fọwọ́ sí i lábẹ́ orúkọ mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀.

Ó bi mí ta ló gbọ́. Mo ní Bàbá mi nìkan. Ó ní kí ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀. Kí wọ́n da àjà náà lọ́la, pé tí ilé bá parí a máa wá ọgbọ́n kan dá sí bíìmù náà láìpariwo.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹrù ọ̀la ló máa kọ́kọ́ gùn ún."

Ó ní kí n máa lọ sílé. Kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Aago méje ò tíì lù tí mo dé ibi ìkọ́lé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré ti ń yí. Mo ní kí Fọ́máànù dá iṣẹ́ dúró. Ó rò pé àwàdà ni. Mo gun àkàbà, mo lọ dúró lórí irin, níbi tí wọ́n fẹ́ da á sí. Ó ní, "Ẹnjinníà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, mi ò fẹ́ fi yín ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mi ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn tán.

Ó pe Rúlà. Fóònù ò lọ.

Dókítà dé. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn: mo gbàgbé òpó kan, bíìmù yìí ò lè gbé ohun tí a fẹ́ gbé lé e, àfi ká fi òpó sí àárín gbọ̀ngàn, ká sì wa ìpìlẹ̀ fún un láti ilẹ̀.

Ó bi mí, "Tí a ò bá fi sí i ńkọ́?"

"Ó máa wó, mà. Mi ò mọ ọjọ́ tó máa wó."

Ó yíjú sí Fọ́máànù, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

Ó kọjá lára mi, ó ní, "Wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ láti wá bímọ níbí." Ì bá kúkú bú mi.

Ọjọ́rú, 13
Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn. Dókítà ní ẹnjinníà míì ló máa yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo lọ sí ọ́fíìsì láti kó ẹrù mi, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Rúlà wà níbẹ̀. Irùngbọ̀n ẹ̀ ti hù. Ó ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ẹ̀yìn ẹ̀, fáìlì wà nílẹ̀ gbogbo — ilé mọ́kànlélógójì, ọdún mẹ́sàn-án, orúkọ mi àti ìfọwọ́sí ẹ̀ lórí gbogbo wọn.

Ó ní òun pa fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n mọ̀ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni. Ó wá ní, "Mi ò yẹ ti Dókítà wò kí n tó fọwọ́ sí i. Mi ò rántí èyí tí mo yẹ̀ wò nínú wọn."

Mo gbé àpótí mi sílẹ̀. Mo fa àga.

Láti orí èyí tó pẹ́ jù la ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni, alájà méjì, àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Èmi ń pe òpó, òun ń wo ìṣirò. Ó pé. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ku ogójì. A ti ṣí èkejì.