Ẹ̀rọ Bọ̀dá Dídán

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Mo bọ́ lọ́wọ́ bébà tí à ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn! Wọ́n ti fi mí ṣe ẹni tó ń wá kòkòrò àìfojúrí lára ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀rọ tán, màá fi òwú orí igi nù ún, màá fi òwú náà ra ojú àwo tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, ó di inú àpótí olóoru. Ohun tí ojú ò rí lónìí, á hù tó bá dọjọ́ mélòó kan. Bàbá tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹ̀rọ tó ń rọ oògùn ikọ́ ọmọdé sínú ìgò ò yọ òun lẹ́nu rí.

Ta ló ń fọ̀ ọ́? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi! Bọ̀dá Dídán—èmi ni mo sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wọlé ọkọ, nítorí bàtà wọn. Àwọn náà ló bá mi wá iṣẹ́ síbí. Wọ́n ń pariwo káàkiri: "Ìyàwó wa ni yóò máa yẹ ẹ̀rọ mi wò o!"

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Yéè. Àwo hù. Tóótòòtó funfun, bí ẹni da iyọ̀ sórí tábìlì. Imú ẹ̀rọ ni mo ti mú un, ibi tí oògùn ń gbà jáde gan-an. Ọ̀gá Má-jókòó (ojú kan ò gbà á) ní kí wọ́n tún un fọ̀, kí n tún un nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ó tún hù.

Ọjọ́rú, 12
Ọ̀gá Má-jókòó ti sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá hù, Bọ̀dá Dídán á kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á lọ máa fọ àgbá lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ti wà nídìí ẹ̀rọ yìí láti ìgbà tí ọkọ mi ṣì ń lọ sílé ìwé! Ṣé bí wọ́n ṣe ń san oore nìyí? Ojú ń tì mí.

Ọkọ mi ní ṣé n ò lè rọra fi òwú kan ibòmíì tó mọ́ ni. Mo ní ìka tó tọ́ símú là ń fi í romú—ọmọ ta ló fẹ́ mu oògùn yẹn? Ó lọ fọ abọ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo tètè dé, mo dúró lẹ́yìn gíláàsì, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná—ó dáa. Ọṣẹ—ó dáa. Sípírítì—ó pọ̀ débi tí ẹ̀rọ fi lè yó. Ó kù kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ni Bọ̀dá Dídán bá wo aago, wọ́n fa aṣọ funfun kékeré kan yọ lápò àyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dán imú ẹ̀rọ!

Mo sáré wọlé, mo kúnlẹ̀. Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ wo nìyẹn? Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní sípírítì máa ń fi àmì sílẹ̀ tó bá gbẹ. Nígbà bàbá yẹn, àwọn ò bìkítà. "Àmọ́ ìwọ ńkọ́? Kí ìyàwó àbúrò mi wá bá àbàwọ́n lára ẹ̀rọ mi?"

Omijé ń bọ̀, ẹ̀rín ń bọ̀, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà. Torí tèmi ni! Mo tọrọ aṣọ náà, mo fi òwú nù ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Wọ́n tún ẹ̀rọ fọ̀. Bí sípírítì ṣe ń gbẹ, Bọ̀dá Dídán káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n kọjú sógiri, bí bàbá tí wọ́n ń gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Mo fi òwú nù ún lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ọkọ mi ní mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun: "Má hù. Má hù."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Àwo méjì. Mo pe Bọ̀dá Dídán àti Ọ̀gá. Mo kọ́kọ́ fi ti aṣọ hàn wọ́n—igbó kìjikìji! Bọ̀dá káwọ́ lérí: "Aṣọ tí ìyàwó mi fọ̀, tó tún lọ̀?"

Mo gbé ti ẹ̀rọ fún wọn. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, gbé e sókè síná. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan o. Mo ní ohun tí à ń wá náà nìyẹn, Bọ̀dá mi. Ọ̀gá Má-jókòó fa àga, ó jókòó.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo yà sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni, àmì sípírítì wà nímú rẹ̀ yàtàyàtà. Bọ̀dá Dídán rí mi.

"Ìyàwó wa, má wo àmì yẹn o. Torí tìẹ ni mo ṣe fi í sílẹ̀."