Igun Tí Mo Dá Dúró Sí

Orville àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ. Adìyẹ wa ti tún ń yé ẹyin, àmọ́ orúnkún mi ò tíì jinná.

Lánàá làwa ará ìlú yìí yan ẹni tá a fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú wa fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Nínú gbọ̀ngàn iléèwé, kálukú dìbò nípa dídúró sí igun ẹni tó fẹ́. Èmi nìkan ló dúró sí igun awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé kan tóun náà ń díje.

Lowell ọkọ mi pariwo: "Ṣé ọmọ iléèwé ni Amẹ́ríkà ni?"

Mo ní: "Ọgbọ̀n ọdún, kò gbàgbé ọmọ kankan sínú yìnyín rí. Àwọn tiyín ńkọ́?"

Nígbà tó yá, Lowell ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ó ti yí padà. Àga ló gbé wá fún mi, ó sì padà sí igun tiẹ̀.

Awakọ̀ náà ń bọ̀ wá polongo ìbò nílùú yín. Jọ̀ọ́, lọ dúró tì í. Bí ìyàwó ẹ ò bá gbà, kó ṣáà bá ẹ gbé àga. Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Verna