Ọ̀rọ̀ Tó Dé Òṣogbo Ṣáájú Tíṣà Oyèdìran

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àjọṣe Àwọn Awakọ̀ Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, sí Màmá Ṣọlápé Oyèdìran, Tèmilọlá ọmọ wọn, àti gbogbo ẹbí, ní Ìlobù.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, irú èyí tó mú kí gáréèjì wa dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ni gbogbo àwa awakọ̀ fi ń bá yín kẹ́dùn ikú Tíṣà Ọládiípọ̀ Oyèdìran, tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa ní físíìsì ní Ìfọ́n, tí wọ́n sì kọ́ mọ́tò wa ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. A kò ní sọ pé erin wó, torí bí Tíṣà bá gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni wọn yóò fi wá rín: èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí a máa pọ́n wọn kọjá bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ wọn la ó sọ, bó ṣe rí gan-an.

Ìdí mìíràn sì wà tí ìwé yìí fi gùn díẹ̀. Nígbà tí a wá kí yín nílé, Màmá sọ fún wa pé Tèmilọlá kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, pé ó ní àfọwọ́fà òun ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá dé egungun. Ẹgbẹ́ wa wádìí rẹ̀, a sì fẹ́ sọ ohun tí a rí.

Gbogbo ẹni tó ń ná ọ̀nà Òṣogbo mọ̀ pé ìgbà tí a bá nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù jù ló máa ń sá lọ. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi ṣe àpótí kékeré, tí kò ju àwo ọṣẹ lọ, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú mọ́tò wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì pupa ara rẹ̀, àpótí náà á wá mọ́tò mìíràn nítòsí, á gbé ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́, ìyẹn á tún gbé e fún òmíràn, títí tí yóò fi dé ibi tó ń lọ, láìgba orí òpó fóònù kankan. "Kì í ṣe mọ́tò tó sún mọ́ ẹ jù lò ń gbé ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́," ni wọ́n máa ń wí fún wa, "mọ́tò tó ń lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ni." Bí títì kan bá sì dí nígboro Òṣogbo, ọ̀rọ̀ á gba àdúgbò mìíràn. Ọ̀nà kan ò ṣáà wọ ọjà.

Níbẹ̀rẹ̀, àwa fúnra wa la fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Alága wa, Alàgbà Àkànó, ní òun kò ní gbé ohun tí a kí tí kò lè dáhùn sínú mọ́tò òun, gbogbo wa sì gbè é lẹ́yìn. Ta ló gbọ́ irú àìlẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ rí? Tíṣà gbà fún wa. Wọ́n ṣe é kí gbogbo àpótí tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ máa dáhùn, kí iná kékeré sì máa tàn. Inú wa dùn, àfi ọjọ́ tí igi wó dí ọ̀nà lẹ́yìn Ìfọ́n. Àpótí kan kígbe, gbogbo àwọn yòókù dáhùn, wọ́n tún ń dáhùn ìdáhùn ara wọn, afẹ́fẹ́ kún fún ẹ kú ẹ kú, ọ̀rọ̀ mọ́tò tó gbé aboyún tó ń rọbí kò sì ráyè kọjá. Inú mọ́tò níbẹ̀ ni obìnrin náà bímọ sí. Ọlọ́run yọ ọ́, tòun tọmọ. Divine lorúkọ ọmọ náà, ara rẹ̀ sì le koko.

Tíṣà kò bínú sí wa. Wọ́n kàn yọ ìdáhùn kúrò lára gbogbo àpótí: ọ̀rọ̀ á lọ, mọ́tò tó kàn á gbé e, àwọn yòókù á dákẹ́, iná kankan kò sì ní tàn. Nígbà tí a ń kùn, wọ́n lọ láti gáréèjì dé gáréèjì, wọ́n ń ṣàlàyé. "Àpótí tó dákẹ́ kò rí yín fín," ni wọ́n wí. "Ọ̀nà ló ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀."

Tèmilọlá kò sí nílé nígbà náà, iṣẹ́ ti gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Àpótí tó ń dáhùn, tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ dán wò ní pálọ̀, ni èyí tó mọ̀, Tíṣà kì í sì sábà ròyìn iṣẹ́ nílé. Nítorí náà, láàárọ̀ tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Tíṣà, tí Dúró, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ń sáré gbé wọn lọ sí Òṣogbo, tí fóònù kò sì lọ, Tèmilọlá, tó ti wálé láti Abẹ́òkúta, tó sì jókòó ti bàbá rẹ̀ nínú mọ́tò, ló tẹ bọ́tìnnì náà. Ó tẹ̀ ẹ́ léraléra. Iná kankan kò tàn, eré tí Dúró ń sá kò sì jẹ́ kó ráyè ṣàlàyé fún un. Ohun tó ń sọ fún Dúró láti ọjọ́ náà ni pé, "Bọ̀ọ̀dá Dúró, mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ǹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ wá fóònù tó ń lọ."

Ohun tí a rí nìyí. Ọ̀rọ̀ tí Tèmilọlá rán lọ lóòótọ́. Mọ́tò oníṣu kan tó wà níwájú wọn ní Ẹ̀rìn ló kọ́kọ́ gbà á, ó gbé e fún bọ́ọ̀sì kan lẹ́nu ìgboro, bọ́ọ̀sì gbé e fún takisí, ó sì dé àpótí tí Tíṣà fi sí géètì ilé ìwòsàn ní Òṣogbo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ọláìyá, nígboro Òṣogbo, ti bọ́ sẹ́bàá títì kí Dúró tó yọ. Tèmilọlá rò pé ọ̀nà kàn dá ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ọláìyá kì í dá fúnra rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Nọ́ọ̀sì Mọ́ríátù, tó wà lẹ́nu iṣẹ́, jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀dì àti ọ́síjìn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tí dókítà sì ti dúró tì í, kí mọ́tò tó wọlé. Dókítà náà ní àwọn ráyè ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe, pé ká tiẹ̀ ní ẹnu géètì àwọn ni àìsàn ọkàn náà ti mú Tíṣà, ọwọ́ àwọn kò ní ká a. Kò sí fóònù tí ì bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ wa ti pinnu pé àpótí wọ̀nyí kò ní kúrò nínú mọ́tò wa, àwọn tí Tíṣà kọ́ ni yóò máa tún wọn ṣe. Lábẹ́ bọ́tìnnì pupa kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọ́ pé: "Ó ti lọ. Má dúró de èsì," kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mọ́tò wa ni yóò gbé àwọn àlejò yín, lọ bọ̀. Màmá, ẹ má rò pé ẹ dá wà. Iwájú ilé yín là ń gbà kọjá lójoojúmọ́, a ó sì máa yà.

Ó ku ohun kan tí Dúró rí nínú díńgí mọ́tò, tí kò lè sọ lójú Tèmilọlá láìsunkún. Nígbà tí ọmọ náà kígbe pé kò dáhùn, Tíṣà, tí wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, rọra mi orí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ó ti lọ.

Kí Ọlọ́run tí Tíṣà sìn tọkàntọkàn tu Màmá nínú, kó di gbogbo ẹbí mú, kó má jẹ́ kí ilé náà tutù. Kó jẹ́ kó pẹ́ gan-an kí a tó tún fi irú èyí kí ara wa. Kó sì fọwọ́ tọ́ ọkàn Tèmilọlá ọmọ wa, kó lè tún jókòó ti ìyá rẹ̀, kó sì jẹun. Àmín.

Àyànlọ́lá Ṣínà,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.