Ayọ̀kúnlé Kò Purọ́

Oǹdó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bímbọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìjàpò, ní Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún? Olúwa tó mú wa rìn nínú ọ̀wọ́n-gógó yìí títí dòní kò ní já wa kulẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń san. Mo rí i pé o rù nínú fóònù lọ́jọ́sí, Lọ́lá ará ilé kejì sì ní dátà rẹ ni kò tó. Jọ̀wọ́, máa ra èyí tó máa yó ọ. Àmọ́ Rufus onímọ́tò ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Fóònù gan-an wà nínú ẹjọ́ náà.

Inú ń bí mi o! Mo mú Ayọ̀kúnlé ọmọ rẹ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kí wọ́n lè gbà á wọlé, ni tíṣà kan, Precious, ọmọ àná, bá kó àwòrán síwájú ọmọ ọdún méjì, ó ní kó dárúkọ wọn. Ó nàka sí fìríìjì, ọmọ ní gààrì. Tíṣà kọ òdo. Ó nàka sí fáànù, ọmọ ní fìlà bàbá, ó tún kọ òdo. Ó wá ní ọmọ yìí kò tíì mọ ohun tó ń rí, kí n tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi kẹ̀! Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé pé ọmọ òun kò mọ nǹkan, ṣé kò ti tà á? Mo ní láti ìgbà tí tiransífọ́mà àdúgbò wa ti jó, kí ló tún kù nínú fìríìjì wa bí kò ṣe gààrì? Kí ló ń gbé orí fáànù wa bí kò ṣe fìlà bàbá rẹ? Ohun tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́ ló ń pè!

Tíṣà tún mú bírò rẹ̀. Ó ti fẹ́ pa òdo méjèèjì rẹ́, ló bá ní ó ku ẹyọ kan. Ó gbé àwòrán fóònù jáde. Ayọ̀kúnlé bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ní Mọ́mì.

Tíṣà wojú mi, mo wolẹ̀. Kò purọ́ níbẹ̀ náà, Bímbọ́lá. Àjíǹde lo wálé kẹ́yìn!

Wọ́n máa gbà á, àmọ́ wọ́n ní kí ìyá ọmọ wá tọwọ́ bọ̀wé fúnra rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Mo mọ̀ pé owó mọ́tò ti gun òkè àjà, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá rẹ kì í fúnni láyè. Nítorí náà, má fi owó oṣù yìí ránṣẹ́ sí wa, fi wọ mọ́tò wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí o bá dé, má tíì fa fóònù yọ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà fún ọ. Kò ní jẹ́ kí o dúró níwájú ọmọ rẹ, kó máa wá ọ nínú fóònù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúràọlá.