Jímọ̀ Tó Kàn Ọ́

Houinmè, Àjàṣẹ́
Ọjọ́ Àìkú

Daouda, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Nimatou ìyàwó rẹ. Ara wa le nílé, a dúpẹ́. Mo gbà pé ara tìrẹ náà le, nítorí àìsàn nìkan ni o kò tíì fi ṣe àwáwí.

Bébà ètò tí o lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá Ìyá wà níbẹ̀ títí di àná. O kó wa jọ bí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Avrankou, o ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní òwe kan: bí mo bá ṣe tèmi lónìí, tí ìwọ náà ṣe tìrẹ lọ́la, ìrẹ́jẹ kò sí. O ní a lè lò ó fún àwọn ọmọdé tó ní bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, a sì lè lò ó fún àwa tí a ní ìyá kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni kí ẹni tó bá kàn máa wá mú Ìyá lọ. Mo ti ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó báyìí, tí kò sì mọ ìlò rẹ̀.

Ìgbà mẹ́rin ló ti kàn ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ò ń yẹ ìwé ìdánwò wò. Lẹ́yìn náà, ò ń kun ilé lọ́dà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òjò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, o kò tilẹ̀ wí nǹkan kan. Adjarra tí ò ń gbé kì í ṣe Mẹ́kà, Daouda. Alùpùpù zémidjan ń dé ibẹ̀ kí tíì tó tutù.

Ohun tí o kò mọ̀ rèé. Ní gbogbo Jímọ̀ tó bá kàn ọ́, Ìyá á di aṣọ wọn sínú àpò, wọ́n á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í sì í fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo se ẹ̀wà, mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, "Bassirath, oúnjẹ òní, ọwọ́ Daouda ló wà. Bí mo bá jẹ tìrẹ, mo ti jẹ́rìí pé kò ní wá nìyẹn." Ebi ni wọ́n fi ń bo àṣírí rẹ. Ní Jímọ̀ ìjẹta, òòyì kọ́ wọn lórí àga. Èmi àti Mouibatou aládùúgbò wa la gbé wọn wọlé.

Mo ń bi ara mi bóyá èmi gan-an ni mo jẹ̀bi, tí mo gbà kí a máa pín ìyá bí ẹni ń pín omi ẹ̀rọ. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti fa bébà rẹ ya. Mo ti tú àpò wọn, mo sì ti fi aṣọ wọn kọ́. Kò kàn ọ́ mọ́.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Ìyá sí. Kí Ó sì fún ìwọ náà ní ọmọ tí kò gbọ́ òwe Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Bassirath

Àfikún: Mo lọ mú àpòòwé, mo dé, mo bá àpò Ìyá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti tún aṣọ wọn dì. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé oúnjẹ díẹ̀ ti tó àwọn nílé rẹ.